Orúkọ Mi Ló Ń Gbá Bọ́ọ̀lù Kọjá Odi

Ọjọ́bọ̀, 17 Ọ̀wàrà

Nereida ra ìwé yìí fún mi ní àárọ̀ yìí. Ó ní bí mo bá tún ta ilẹ̀kùn nípàá, òun á mú mi lọ sí ilé ìwòsàn tí òun ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, kí wọ́n yẹ orí mi wò. "Kọ ọ́ síbẹ̀. Ìwé kì í fọ́." Ìyàwó mi nìyẹn.

Ó dáa. Mo ń kọ ọ́.

Àná ni ìdíje béèsìbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí a ń fi igi gbá, ti ọdún yìí bẹ̀rẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì Ẹgbẹ́ Alákàn ni mo wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo jókòó bí àpò iyọ̀, ẹnikẹ́ni ò pè mí. Nínú bọ́ọ̀sì tí a fi ń padà bọ̀, awakọ̀ tan rédíò. Ẹgbẹ́ Agbọ́n ń gbá tiwọn lọ́wọ́ ní olú-ìlú. Àfi bí Ẹnu-Ò-Dilé ṣe figbe ta — asọ̀rọ̀ orí rédíò ni, èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀: "Ó lọ o! Ó lọ o! Ó ti kọjá odi! Virgilio Marmolejos!"

Mo gbórí sókè. Bí ẹni tí wọ́n pè.

Èmi ni Virgilio Marmolejos.

Kì í ṣe èmi ni mo gbá a.

Kí n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó parí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá, ẹ̀gbọ́n mi Anselmo jẹ́ mẹ́tàdínlógún. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni àwọn ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà máa ń fẹ́ mú. Ẹni tó bá ti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti gbó lójú wọn. Eku, alágbàtà tó ń kó àwọn ọmọ lọ fún wọn, gba ẹ̀gbọ́n mi sí ọgbà ìdánrawò rẹ̀. Ó sọ fún Màmá pé ọwọ́ ọmọ yìí dára, ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan ló bà á jẹ́. Màmá ṣí àpótí. Ó mú ìwé ìbí mi fún ẹ̀gbọ́n mi, ó mú ti ẹ̀gbọ́n mi fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi di Virgilio, ó fi ọdún mẹ́ta kéré sí i. Èmi di Anselmo, mo fi ọdún mẹ́ta dàgbà láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ó wọ ọkọ̀ òfurufú. Èmi náà pé mẹ́rìndínlógún, mo gbé igi mi lọ dúró níwájú wọn. Ìwé ní mọ́kàndínlógún ni mí. Ọkùnrin tó ń yàn wá ò tilẹ̀ dìde lórí àga. "Eléyìí ti dàgbà jù."

Lónìí mo jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún, ìwé ń pè mí ní mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Òun tó jẹ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n ni ayé ń kà fún un.

Wọ́n ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Wọ́n ti mú tèmi lọ. Wúrà náà ò kàn mí.

Olórúkọ ni màá máa pè é nínú ìwé yìí. Mi ò ní pè é ní Virgilio. Kò sí ẹni tó máa fi ipá mú mi níbí.


Ẹtì, 18 Ọ̀wàrà

Olórúkọ tún gbá òmíràn kọjá odi pápá. Ó di méjì. Èmi — bẹ́ǹṣì.


Àìkú, 20 Ọ̀wàrà

A lọ jẹun ní ilé Màmá. Ìrẹsì àti òtílí, ẹran ewúrẹ́. Ilé alájà méjì tí Olórúkọ kọ́ fún un. Àwòrán rẹ̀ tóbi ju fèrèsé lọ lára ògiri, igi léjìká, ẹ̀rín lẹ́nu, orúkọ mi lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí i jẹun.

Ó wà níbẹ̀. Awò dúdú lójú nínú ilé. Ó ti ń yọkùn díẹ̀. Àdéhùn rẹ̀ ní Amẹ́ríkà parí ní oṣù tó kọjá, wọn ò tíì pè é padà, ìdí tó fi wá ń gbá ìdíje ilé nìyẹn. Kò sọ ọ́. Màmá ló ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ létí ìdáná, bí ẹni pé àìsàn ni.

Ó bi mí pé, "Àbúrò, bẹ́ǹṣì yín ńkọ́? Ṣé wọ́n fi tìmùtìmù sí i?"

Màmá rẹ́rìn-ín. N ò jẹ ẹran yẹn tán.

Màmá kì í pe ẹnikẹ́ni nínú wa lórúkọ mọ́. Láti ìgbà tí àwọn Amẹ́ríkà ti wá ń bi àwọn aládùúgbò léèrè ẹni tó ń jẹ́ ta ni, ó kọ́ ahọ́n rẹ̀ ní "ọmọ mi," kó má baà ṣì í. "Ọmọ mi, gbé abọ́ wá. Ọmọ mi, jẹ ẹran sí i." Àwa méjèèjì la máa ń dáhùn pọ̀.


Ọjọ́rú, 23 Ọ̀wàrà

Ó ti ṣẹlẹ̀!

Orúnkún Tavárez, ọ̀kan nínú wa, yẹ̀ bó ṣe ń sáré. Òun ló ń gbá nípò kẹrin, ipò ẹni tó lágbára jù. Kóòṣì wa, Baba Eyín-Wúrà, yíjú sí bẹ́ǹṣì, ó wò wá bí ẹni tó ń yan iṣu tó kù lọ́jà ìrọ̀lẹ́. "Baba àgbà, gbé igi. Jọ̀ọ́, má kú sórí pápá mi." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ kọjá bí ọta. N ò rí i. Èkejì rọ̀, ó dúró níwájú ìbàdí mi bí ọsàn tó pọ́n. N ò mọ̀ ọ́n lára ọwọ́ mi rárá. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn tó bá dára: ọwọ́ kì í mọ̀. Ó kọjá odi, ó kọjá igi ọ̀pẹ, ó lọ já sí ojú irin tí wọ́n fi ń kó ìrèké.

Ẹnu-Ò-Dilé: "Anselmo! Ẹ wo baba arúgbó! Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n! Ẹ̀gbọ́n Virgilio wa ni o!"

Mo sáré yí pápá ká. Mo ń bú Ẹnu-Ò-Dilé ní gbogbo ìṣísẹ̀.


Ẹtì, 25 Ọ̀wàrà

Méjì.


Àìkú, 27 Ọ̀wàrà

Mẹ́ta. Èyí fọ́ gílóòbù kan lára pátákó tí wọ́n ń kọ àmì sí. Baba Eyín-Wúrà ò pè mí ní baba àgbà lónìí. "Ọ̀gbẹ́ni," ló ní, "jókòó síbí, ẹ̀gbẹ́ mi." Tavárez ránṣẹ́ pé orúnkún òun ti ń sàn. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.


Àìkú, 3 Bélú

Olórúkọ márùn-ún. Èmi mẹ́rin. Kò sí ẹlòmíràn tó sún mọ́ wa nínú gbogbo ìdíje. Làwọn oníròyìn bá wá kó wa pọ̀ lónìí, ọmọ ìyá méjì, igi méjì, wọ́n ní ká fẹ̀yìn ti ara wa, wọ́n ń ya wá ní fọ́tò.

Ọmọbìnrin kan na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí Olórúkọ. Ṣé ó ń bẹ̀rù mi? Ó bọ́ awò lójú. Ó gbọ́wọ́ lé mi léjìká. "Ẹ̀gbọ́n mi ni," ó wí. "Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di igi mú. Mo ń bọ̀wọ̀ fún un gan-an."

Ẹ̀gbọ́n! Ẹni tó máa ń fi igi ìrèké lù mí tí n kò bá tètè pọnmi! Ó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n níwájú gbogbo orílẹ̀-èdè, ojú rẹ̀ ò sì mì.

Wọ́n wá na ẹ̀rọ sí èmi. Báwo ló ṣe ń rí kí àbúrò ẹni gbayì ju ẹni lọ?

Mo ní ó dára. Ohun tí mo sọ nìyẹn. Ó dára. Ẹnu mi korò títí mo fi délé, mo sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́.


Ọjọ́bọ̀, 7 Bélú

Márùn-ún. Nereida ní èékánná mi ti wọ àtẹ́lẹwọ́ lójú oorun. Ó fi oògùn iodínì sí i.


Ìṣẹ́gun, 12 Bélú

Mẹ́fà — mẹ́fà. A jọ dọ́gba.

Ọkùnrin kan wá láti Japan, ó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan lọ́hùn-ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti jókòó lẹ́yìn ẹni tó ń gba bọ́ọ̀lù, tó ń kọ nǹkan sínú ìwé pẹlẹbẹ. Lónìí ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, òun àti obìnrin ògbufọ̀ kan. Ó tẹrí ba fún mi. Èmi náà tẹrí ba. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́. Obìnrin náà wá ní, "Ó ní òun ò tíì rí ọwọ́ tó yára báyìí láti ọdún mélòó kan. Ó ní ká ní ẹ jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún, àwọn ìbá bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Àmọ́ mẹ́tàlélọ́gbọ̀n... Ó ní ẹ má bínú."

Ẹ má bínú!

Mo lanu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n. Mo fojú inú rí Màmá nínú ilé alájà méjì yẹn. Mo pa ẹnu dé.

Ó tún tẹrí ba. Ó lọ.

Ẹ̀ẹ̀kejì nìyí tí wọ́n máa fi ọdún tí kì í ṣe tèmi lé mi padà. Àkọ́kọ́, mo sunkún lẹ́yìn igi àlímọ́ńdì. Lónìí n kò sunkún. Mo gbé igi mi, mo lọ sẹ́yìn ilé ìmúra, mo nà á mọ́ táyà àtijọ́ tó wà níbẹ̀ títí ó fi ṣẹ́ sí méjì.


Ọjọ́rú, 13 Bélú

Mo sọ fún Nereida pé mò ń lọ sọ ọ́. Fún ilé ìforúkọsílẹ̀ ìbí, fún rédíò, fún ará Japan, fún ẹnikẹ́ni tó bá ní etí. Ó ní, "Lọ."


Ọjọ́bọ̀, 14 Bélú

Màmá wá. Nereida ló lọ sọ fún un. Ó ní kò yẹ kó gbọ́ ọ lórí rédíò. Ó tọ́. Inú ṣì ń bí mi sí i.

Màmá jókòó, àpamọ́wọ́ lórí itan bí ẹni tó wá kí olóyè. Mo bu oúnjẹ, mangú tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ gún àti ẹyin, n ò jẹ ẹ́.

"Ọmọ mi, ìwọ ṣì lágbára. Ó ti ń rẹ òun. Ẹgbẹ́ kan ní Amẹ́ríkà ní tó bá jẹ́ òun ló gbá a kọjá odi jù lọ nínú ìdíje yìí, àwọn á gbà á fún ọdún méjì. Ọdún méjì péré, kó fi parí iṣẹ́ rẹ̀ bí ọmọlúàbí. Dúró di oṣù Ṣẹ́rẹ́."

Mo ní, "Màmá, láti ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lẹ ti ní kí n dúró."

Ó wolẹ̀. Ó fi ìka fa okùn àpamọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá ní, pẹ̀lú ohùn kékeré kan, "Ṣé o ò wá lè... rọra gbá a?"

"Kí n rọra ṣe kí ni?"

"Kóo jẹ́ kó gba ti ọdún yìí."

Kí n tó mọ̀, àwo mangú ti fọ́ mọ́ ògiri. Màmá dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó lọ. Nereida gbá àfọ́kù sínú ike. Ó ní ẹyin tó jókòó sára ògiri yẹn, èmi ni màá nù ún.

Mo nù ún.


Àìkú, 17 Bélú

Méje. N ò rọra. Ṣùgbọ́n nítorí Màmá, n ò tíì lọ sọ ọ́.


Àbámẹ́ta, 23 Bélú

Ọwọ́ ọ̀tún mi wú. Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ ọ́, ẹni tó bá rí i á rò pé adìyẹ ló kọ ọ́.

Agbọ́n wá síbí lọ́sàn-án òní. Olórúkọ gbá ọ̀kan, èmi náà gbá ọ̀kan. Mẹ́jọ, mẹ́jọ. Lẹ́yìn eré, ó pè mí sẹ́yìn bọ́ọ̀sì wọn. Ó ní Màmá ò sùn mọ́. Ó ní kí n ní sùúrù, tó bá di Ṣẹ́rẹ́ òun á ṣe ohun tí mo bá fẹ́. Mo ní ohun tí mo fẹ́ wà nínú àpò rẹ̀, nínú ìwé ìrìnnà rẹ̀.

Ó gbaná jẹ. "Kí lo rò? Ṣé o rò pé ìwé lásán ló gbá bọ́ọ̀lù fún mi? Mo ṣiṣẹ́! Mo sùn ní yàrá tí èèyàn mẹ́jọ wà, mo jẹ búrẹ́dì gbígbẹ, mo ṣiṣẹ́!"

"Pẹ̀lú orúkọ mi."

"Orúkọ rẹ ni wọ́n wá pè!"

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo ní kí ló wí? Ó ní kò sí. Mo ní tí kò bá tún un sọ, èmi á bọ́ sórí òrùlé bọ́ọ̀sì yìí, màá sì bẹ̀rẹ̀ sí pariwo.

Ó tún un sọ.

Eku ò wá wá a. Èmi ni wọ́n wá wá. Tíṣà mi ló sọ fún Eku pé ọmọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Virgilio Marmolejos, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ó ń gbá bọ́ọ̀lù wọ inú oko ìrèké. Eku rán ọkùnrin kan wá. Mo wà létí òkun, mò ń mú alákàn. Ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà: "Ta ni Virgilio?" Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àtẹ̀gùn.

"Mo ní èmi ni," ó wí. "Ẹnu mi ló kàn sọ ọ́. Mo rò pé màá sọ òótọ́ tí a bá dé ọgbà. Nígbà tí a dé ọgbà, wọ́n gbé igi fún mi. Ìgbà tí ọwọ́ mi wù wọ́n tán ni mo tó jẹ́wọ́ ọjọ́ orí mi."

Mo lù ú. Lẹ́ẹ̀kan. Ètè rẹ̀ là. Kò lù mí padà, ìyẹn ló sì dùn mí jù, nítorí mo fẹ́ lù ú lẹ́ẹ̀kejì.

Lórí rédíò ní ìrọ̀lẹ́, ó ní ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ló gbá òun lẹ́nu.


Àìkú, 24 Bélú

Ṣé Màmá mọ̀? Ó ti sọ ìtàn yẹn fún mi nígbà ọgọ́rùn-ún: Eku wá bá Anselmo, Eku ní ọwọ́ rẹ̀ dára. Bó ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Irọ́ ni wọ́n pa fún òun náà. N ò lè sọ fún un. Mo gbìyànjú lórí fóònù. Mo béèrè bóyá òjò rọ̀ lọ́dọ̀ wọn.


Àìkú, 1 Ọ̀pẹ

Ọjọ́ mẹ́jọ, kò sí ohun kan tó jáde. Mò ń fi igi na afẹ́fẹ́. Olórúkọ ti di mẹ́sàn-án.


Ìṣẹ́gun, 3 Ọ̀pẹ

Baba Eyín-Wúrà mú mi lọ sí igun kan. Ó ní, "N ò bi ọ́ léèrè ta lo ń bá jà. Ṣùgbọ́n ẹni yẹn kọ́ ló ń ju bọ́ọ̀lù sí ọ. Ìbínú máa ń mú ọwọ́ yára ju ojú lọ. Jẹ́ kí ojú dé kọ́kọ́."

Arúgbó onímàkàrúrù yìí. Ó mọ nǹkan.


Àbámẹ́ta, 7 Ọ̀pẹ

Mẹ́sàn-án. Ojú ló kọ́kọ́ dé.


Àbámẹ́ta, 14 Ọ̀pẹ

Mẹ́wàá — mẹ́wàá. Eré kan ló kù, ní Ọjọ́rú. Àwa àti Agbọ́n, níbí. Wọ́n ti ta gbogbo àga. Àwọn ọkùnrin tó ń gé ìrèké ń ta tẹ́tẹ́ lórí wa, ìdajì fún "baba," ìdajì fún "Virgilio." Àwọn tó fẹ́ràn mi jù ń gbàdúrà kí Virgilio kùnà. Mò ń ṣe àmín.


Ọjọ́bọ̀, 19 Ọ̀pẹ

Àná. Kí n kọ ọ́ létòlétò.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo jáde pẹ̀lú igi, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Agbọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jù ú síta lẹ́ẹ̀mẹrin, ibi tí igi ò lè dé. Òfin ni pé kí n ju igi sílẹ̀, kí n máa rìn lọ sí ibùdó kìíní láìgbá a; ọ̀nà ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pè é. Àwọn èèyàn ń hó. Olórúkọ ló ń ṣọ́ ibùdó kìíní. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èjìká sí èjìká, n ò wò ó.

Ìgbà kejì, bákan náà. Síta, síta, síta, síta. Àwọn èèyàn ń ju èèpo ọsàn sórí pápá. Òun alára sì ti gbá bọ́ọ̀lù kan lọ sókè tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde. Tavárez, orúnkún tó ń sàn, fò mú un létí odi. Mẹ́wàá náà ló ṣì wà.

Mo dé ibùdó kìíní lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní, "Ṣé ìwọ lo ní kí wọ́n ṣe é?"

"Kóòṣì ni."

"O ò sì sọ nǹkan kan. O kì í sọ nǹkan kan. Tí wọ́n bá gbé igi fún ọ, o máa gbà."

Mo wá sọ ọ́, kì í ṣe wúyẹ́wúyẹ́: "Ọ̀lẹ ni ọ́, Anselmo."

N ò tíì pè é bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́rìndínlógún. Onídàájọ́ tó dúró níbẹ̀ wò wá, ó rò pé mò ń bá ara mi wí. Ojú Olórúkọ yí padà bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lára.

Ìgbà kẹta tí mo tún jáde, kóòṣì wọn tún gbé ìka mẹ́rin sókè, àmì pé kí wọ́n jù ú síta. Olórúkọ kúrò ní ibùdó rẹ̀. Ó rìn lọ bá ẹni tó ń jù ú. N ò mọ ohun tó sọ. Kóòṣì wọn ń pariwo láti ẹ̀gbẹ́. Olórúkọ kò yíjú. Ó padà sí ààyè rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó ṣí ọwọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀lù.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ju bọ́ọ̀lù náà jù ú sí mi, tààrà. Gbogbo agbára rẹ̀ ló fi jù ú.

Ojú dé kọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ọwọ́.

Ó lọ. N kò sáré, mo rìn. Nígbà tí mo kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀, ilẹ̀ ló ń wò. Mọ́kànlá.

Wọ́n pè mí sórí pápá, wọ́n gbé àwo idẹ lé mi lọ́wọ́. Mo kà á níwájú gbogbo èèyàn. ẸNI TÓ GBÁ A KỌJÁ ODI JÙ LỌ: ANSELMO MARMOLEJOS. Ẹnu-Ò-Dilé ń ké orúkọ náà títí ohùn rẹ̀ fi há.

Mo rò pé inú mi á dùn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn jẹun lójú àlá.


Àìkú, 22 Ọ̀pẹ

Ilé Màmá. Àwa mẹ́rin. Màmá ti lọ ra ẹlẹ́dẹ̀ fún ọdún. Olórúkọ ní àwọn Amẹ́ríkà ṣì ń rò ó, wọ́n lè fọwọ́ sí i ní Ṣẹ́rẹ́ bí ìdíje ò tiẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó wò mí. Ó ní, "Jọ̀ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré."

Màmá náà wò mí. "Ọmọ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Mo wá sọ ọ́. Mo ní, "Màmá, ẹ bi í léèrè ẹni tí ọkùnrin Eku wá bá lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ yẹn."

Olórúkọ ní, "Má ṣe é."

"Ẹ bi í."

Màmá bi í. Ẹ̀ẹ̀kan. Olórúkọ lè purọ́, ìgbà tó ti ń purọ́ bọ̀ ti pẹ́. Kò purọ́. Ó gbójú sílẹ̀, ó sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún mi, títí kan àtẹ̀gùn tó jókòó lé, títí kan alákàn.

Màmá ò ké. Ó ní, "Mo ti ń tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ Ọlọ́run ní gbogbo òwúrọ̀ pé mo fi ọmọ kan ran ọmọ kan lọ́wọ́. Ohun tí mo ti ń tọrọ ìdáríjì lé lórí, kì í tilẹ̀ ṣe ohun tí mo ṣe." Ó wọ yàrá. Ó ti ilẹ̀kùn.

Nereida fà mí lápá. A lọ. Oúnjẹ wà nílẹ̀.


Ajé, 23 Ọ̀pẹ

Mo múra láti lọ sí ilé ìforúkọsílẹ̀. Wọ́n ń ṣí i ní agogo mẹ́jọ. Mo dé ibẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án. Màmá ti ń jáde bọ̀.

Bàtà ìsìn rẹ̀ ló wọ̀. Ó ní òun ti wà lẹ́nu ọ̀nà láti agogo mẹ́fà. Ó di ìwé kan mú. "Èmi ni mo ṣí àpótí," ó wí. "Kò yẹ kó jẹ́ ìwọ lo máa wá ti í."

Ó ròyìn pé akọ̀wé ò kọ́kọ́ gba òun gbọ́. Ó rò pé arúgbó ti ń ṣarán. Màmá tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ níwájú rẹ̀, fọ́tò wa méjèèjì, ó fi ìka lé ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ọdún tí a bí wa, ọjọ́, wákàtí, orúkọ agbẹ̀bí. Ó sọ pé ọmọ tó kéré fẹsẹ̀ jáde.

"Ilé ńkọ́, Màmá? Bí wọ́n bá gbà á?"

"Kí wọ́n gbà á. Mo ti gbé inú yàrá kan rí."

A rìn lọ sí ibùdókọ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn ún nínú bàtà yẹn. N kò mọ ohun tí mo lè fi ìbínú mi ṣe mọ́, mo bá gba àpamọ́wọ́ rẹ̀, mo bá a gbé e.


Ọjọ́rú, 25 Ọ̀pẹ

A ò jọ jẹ ẹlẹ́dẹ̀ náà.


Ẹtì, 27 Ọ̀pẹ

Ó ti dé orí rédíò. Ẹnu-Ò-Dilé fi wákàtí méjì sọ ọ́. Àwọn kan ń pè wọlé: olè ni wá. Àwọn kan: ìyá wọn gbìyànjú, ta ni kò ní ṣe é? Ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà ti yọwọ́. Wọ́n ti gba ìwé àṣẹ ìwọ̀lú Olórúkọ. Ará Japan ti padà sílé láti oṣù tó kọjá, kò sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà rẹ̀.

Mo rò pé màá yọ̀. Mo pa rédíò. Mo tún tàn án. Mo tún pa á.


Ẹtì, 3 Ṣẹ́rẹ́

Olórúkọ wá sí ilé mi lọ́sàn-án òní. Kò wọ awò. Kò sí awakọ̀. Ó fẹsẹ̀ rìn láti ibùdókọ̀, eruku wà lára ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún.

Mo jáde pàdé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sínú láti ọdún mẹ́rìndínlógún, mo ti tò ó sẹ́nu bí òkúta. Nereida yọrí lójú fèrèsé: "Ẹ má jà síwájú ilé mi o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ ni."

Ó ní, "Ó ti parí lọ́hùn-ún."

Mo ní, "Mo gbọ́."

Ó dúró. Ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Àwo idẹ yẹn. Ṣé mo lè mú un?"

Mo rò pé etí mi ló ṣì í gbọ́. "Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Orúkọ mi ló wà lára rẹ̀." Ó nawọ́ síwájú. "Gbogbo nǹkan tó wà nílé mi, àwo, àwòrán, aṣọ, gbogbo rẹ̀, Virgilio ni wọ́n kọ sí i. Mo wá a láti àárọ̀ ọjọ́ ọdún. Kò sí ẹyọ ohun kan tí wọ́n kọ Anselmo sí. Bàbá wa ló fún mi ní orúkọ yẹn. N ò fi ṣe nǹkan kan."

Mi ò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, mi ò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Inú wá bí mi gidi, ju ti gbogbo oṣù wọ̀nyí lọ, nítorí àánú rẹ̀ ti ń ṣe mí, mi ò sì tíì bínú tán.

Mo ní, "Rárá. Èmi ni mo gbá a. Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá. O ò gbá ẹyọ kan nínú rẹ̀. Tí o bá fẹ́ èyí tí wọ́n kọ Anselmo sí, lọ gbá tìrẹ."

"Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mí."

"Mo mọ̀. Èmi náà ti jẹ́ ẹ rí."

Ó gbójú sókè. Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ó nu eruku ara ṣòkòtò rẹ̀, ó sì ní, pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń rán mi lọ pọnmi, "Ọ̀wàrà tó ń bọ̀, màá wá síbí. Sọ fún ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún yín kó má fún mi lọ́nà ọ̀fẹ́."

"Màá sọ fún un. Mú igi tó wúwo wá."

Ó yí padà. Mo wò ó títí ó fi kọjá ilé oníbúrẹ́dì.

Nereida bi mí bóyá ìjà náà ti parí.

Mo ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.